Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò 360 Nínú Ilé Tí GPS Kò Dé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ilé ìwé kan gbéṣẹ́ fún mi pé kí n ya gbọ̀ngàn àti ilé ìkàwé wọn ní fọ́tò 360, ìyẹn fọ́tò tó ń mú gbogbo àyíká kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn òbí tó wà lókè òkun lè máa wò ó lórí máàpù bí ẹni ń rìn nínú ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, dẹ́kìn kọnkéré, òrùlé páànù. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn sórí máàpù, àwọn kan bọ́ sí títì, àwọn kan bọ́ sínú ọgbà mọ́sálásí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, tòkè àti tìsàlẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra kámẹ́rà tí GPS rẹ̀ lágbára ju tèmi lọ. Ṣé kí n rà á?"

Ẹ má rà á o. Ẹ fi owó yẹn sápò. Kò sí kámẹ́rà tí GPS rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lábẹ́ dẹ́kìn kọnkéré, iye yòówù kí wọ́n máa tà á. Ohun tí ẹ nílò kò ju ibì kan ṣoṣo tó dá yín lójú lórí máàpù lọ, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá téèpù ìwọ̀n tó gùn, ìwé àti bírò. Gbogbo ibi tó kù nínú ilé náà, láti ẹnu ọ̀nà yẹn lẹ ti máa wọ̀n ọ́n wọlé. Bí àwọn sọ̀fíyọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kí GPS tó dáyé nìyẹn, ó sì péye ju ohunkóhun tí fóònù ń sọ nínú ilé lọ.

Ìdí rèé. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé po lókè tó tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà. Kí fóònù tó lè mọ ibi tó wà, ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ mẹ́rin nínú wọn pa pọ̀, ó kéré tán, kó sì fi àkókò tí ìgbì rédíò kọ̀ọ̀kan fi rìn ṣírò bí òun ṣe jìnnà sí i tó. Ìgbì yìí ti fẹ́lẹ́ gan-an kó tó kan ilẹ̀. Tó bá bá páànù pàdé, páànù á ta á padà. Tó bá bá dẹ́kìn pàdé, kọnkéré àti irin inú rẹ̀ á gbé e mì. Èyí tó bá ráyè gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti lè kọ́kọ́ lọ gbá ògiri ilé kejì kó tó yà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó gbà yẹn gùn ju ọ̀nà tààrà lọ, fóònù kò sì mọ̀. Ṣe ló máa gbà pé sátẹ́láìtì jìnnà ju bó ṣe jìnnà lọ, á wá gbé yín lọ sínú ọgbà mọ́sálásí. Ní gbangba ìta pàápàá, níbi tí nǹkan kan ò ti bo ojú ọ̀run, fóònù ṣì lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà. Mítà 5 sì tó láti gbé èèyàn kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí ìkejì.

Àwọn fọ́tò tó bọ́ sí títì ní ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Bí fóònù kò bá rí sátẹ́láìtì mọ́, ibi tó rí kẹ́yìn ló máa ń dì mú. Ibi tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, áàpù kámẹ́rà á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń yà á. Nígbà míì, Wi-Fi ló máa fi ń méfò, torí ó mọ̀ pé ráwútà báyìí wà ní àdúgbò báyìí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ráwútà náà láti Èkó wá sí Ìbàdàn, fóònù lè gbà pé Èkó lẹ wà. Torí náà, kí ẹ tó ya fọ́tò kankan nínú ilé, ẹ wọ inú áàpù kámẹ́rà yín, kí ẹ pa location. Fọ́tò tí kò ní àdírẹ́sì sàn ju èyí tó ru àdírẹ́sì irọ́ lọ. Èyí tí kò ní, ẹ máa rántí fún un. Èyí tó ní irọ́ lè kọjá lójú yín títí iṣẹ́ á fi dé ọwọ́ ẹni tó gbé e fún yín.

Ẹ wá ṣí Google Maps lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ yí i sí àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ sún un mọ́ra títí ẹ ó fi rí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ ibẹ̀. Nọ́ńbà méjì máa yọ. Èyí àkọ́kọ́ ni latitude, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe lọ sí àríwá tó. Ìkejì ni longitude, tó ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó. Ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà náà kí kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà wọn, torí èyí tó yọ lójú yẹn gé kúrú, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́íńtì má dín ní mẹ́fà.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fi GPS fóònù mú un. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tó máa wà lórí máàpù. Àwòrán sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ ní mítà díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bí ẹ bá gbé nọ́ńbà tó péye lé àwòrán tó yẹ̀, lójú òbí tó ń wò ó, inú gọ́tà ni gbọ̀ngàn yín máa bọ́ sí. Máàpù tí wọ́n máa fi wò ó ni kí ẹ ti mú un. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ilé gíga: ó máa ń dà bíi pé ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwòrán sátẹ́láìtì, torí pé kì í ṣe òkè orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yà á. Ìdí ilé, níbi tó ti kan ilẹ̀, ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má tẹ etí òrùlé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù lọ la dé yìí, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà kọjú sí. Bí ibi tí fọ́tò wà bá fi ìdajì mítà yẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibi tó kọjú sí bá fi dígíríì 40 yẹ̀, gbogbo ayé ló máa mọ̀: ẹni tó tẹ ọfà pé òun ń lọ sórí pèpéle máa bá ara rẹ̀ níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kọ́mpáàsì inú fóònù àti ti kámẹ́rà kò lè gbà yín níbẹ̀, torí irin ló ń dà á rú. Irin inú òpó, ẹsẹ̀ àga, géètì onírin ẹnu àtẹ̀gùn, mágnẹ́ẹ̀tì inú àwọn sípíkà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, gbogbo wọn ló ń fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ gbé fóònù yín láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ìdí sípíkà, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ kọ́mpáàsì rẹ̀. Ẹ máa rí i bó ṣe ń ṣẹ́rí kiri nígbà tí ẹ̀yin ò yà sọ́tùn-ún yà sósì.

Ògiri ni kí ẹ fi ṣe kọ́mpáàsì. Ògiri kì í ṣẹ́rí. Google Earth Pro wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, rúlà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi rúlà náà fa ìlà gba ara ògiri gígùn gbọ̀ngàn, láti ìhà ẹnu ọ̀nà lọ sí ìhà pèpéle. Á sọ gígùn rẹ̀ fún yín, á sì sọ dígíríì tí ìlà náà fi yà kúrò ní àríwá. Ká ní ó sọ pé 30. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò kan ṣoṣo láti fi dán an wò, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni iwájú kámẹ́rà yín kọjú sí. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù pupa kékeré mọ́ ìhà yẹn lára kámẹ́rà. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ibi tí ẹ bá gbé tripod (ẹsẹ̀ kámẹ́rà) sí nínú ilé náà, ìhà pèpéle ni pupa yẹn gbọ́dọ̀ máa kọjú sí. Gbogbo fọ́tò yín á wá ní nọ́ńbà kan náà, 30, láìsí pé kọ́mpáàsì dá sí i. Bí kámẹ́rà yín bá ní ètò tó máa ń yí àárín àwòrán padà fúnra rẹ̀, ẹ pa á.

Ẹnu ọ̀nà láàrin yàrá méjì nìkan lẹ ti máa yà kúrò nínú òfin yìí. Kámẹ́rà 360 oníléǹsì méjì máa ń so àwòrán méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín, ohunkóhun tó bá sì sún mọ́ ojú ìsopọ̀ yẹn jù lè kán sí méjì. Bí ẹ bá gbé e sáàárín férémù ilẹ̀kùn tí iwájú rẹ̀ kọ inú yàrá, orí férémù ni ojú ìsopọ̀ máa bọ́ sí, férémù á sì wọ́. Ẹ yí i sọ́tùn-ún ní ìdá mẹ́rin, kí lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan máa wo férémù, kí ojú ìsopọ̀ kọ inú yàrá méjèèjì tó jìnnà. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé fọ́tò yìí, 30 àti 90, ó di 120. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò ní rántí.

Téèpù ló kàn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gba àárín gbọ̀ngàn lọ tààrà sí pèpéle, kí ó má ṣe wọ́. Ìmọ̀ràn Google ni pé kí fọ́tò kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bíi mítà 1 nínú ilé àti mítà 3 níta. Lójú tèmi, gbọ̀ngàn tó ṣófo kò nílò kó há tó bẹ́ẹ̀. Mítà 2 sí 3 dáa níbẹ̀. Àárín àwọn pẹpẹ ìwé ní ilé ìkàwé ni mítà 1 ti wúlò, torí pé pẹpẹ ń dí ojú. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé níbi gbogbo ni pé ẹni tó bá dúró níbi fọ́tò kan gbọ́dọ̀ lè rí ibi fọ́tò tó kàn láìsí ògiri láàrin. Ẹ fi sẹ́lótéèpù sàmì sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún un lórúkọ, F01, F02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ kọ mítà rẹ̀ sí iwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì ya pláànù ilé náà lọ́wọ́ sínú ìwé kan náà. Pláànù ọwọ́ tó rí wúruwùru ti gba iṣẹ́ là ju áàpù lọ.

Bí a ó ṣe sọ mítà di nọ́ńbà máàpù kò le. Ní ilẹ̀ wa, tí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, mítà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.000009 lára latitude, iye kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lára longitude. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ní London, latitude kò yí padà, ṣùgbọ́n mítà 1 lára longitude ti di nǹkan bí 0.000014 lọ́dọ̀ yín.) Ká ní ẹnu ọ̀nà yín wà ní 7.380000 àti 3.930000, kí F07 sì jẹ́ mítà 10 síwájú lórí ìlà tó kọ dígíríì 30. Ẹ fi cos 30 sọ mítà 10 di púpọ̀, ẹ máa rí mítà 8.66 sí àríwá. Ẹ fi sin 30 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí mítà 5 sí ìlà-oòrùn. Ẹ wá sọ kálukú di púpọ̀ pẹ̀lú 0.000009: 0.000078 àti 0.000045. F07 wà ní 7.380078 àti 3.930045. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú Excel lẹ́ẹ̀kan, á ṣe ìyókù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìparí gbọ̀ngàn, ẹ fi gígùn tí téèpù sọ wé èyí tí rúlà Google Earth sọ. Bí wọ́n bá fi ju mítà kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì rántí pé etí òrùlé máa ń yọ síta ju ògiri lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti máa wọn orí àtẹ̀gùn lọ sókè, ẹ máa ṣìnà. Ẹ dúró lókè níbi tí àárín àtẹ̀gùn ti ṣí sílẹ̀, kí ẹ so ohun tó wúwo mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bí bíríkìlà ṣe máa ń fi wo bóyá ògiri tọ́. Nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ sàmì sí ilẹ̀ níbi tó nà sí, kí ẹ wọn ibẹ̀ láti ojú téèpù yín. Òkè níbi tí ọwọ́ yín wà àti ìsàlẹ̀ níbi àmì yẹn ní nọ́ńbà kan náà. Láti ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tòkè. Lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, fọ́tò mẹ́ta tó: ìsàlẹ̀, ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, àti òkè. Ìdí tí tòkè àti tìsàlẹ̀ fi dà pọ̀ ni pé máàpù rí wọn lójú kan náà. Ètò tí ẹ bá fi gbé wọn sókè gbọ́dọ̀ ní àyè tí ẹ ti máa kọ ipele ilé, 0 fún ìsàlẹ̀ àti 1 fún òkè.

Ní ti iná, ṣókí ni mo máa sọ ọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà ga tó ojú ẹni tó dúró, bíi mítà 1.5, kí ẹ sì lo HDR, tó ń pa àwòrán tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn pọ̀ di ọ̀kan, torí ojú fèrèsé. Iná LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú tẹ̀ lé iná ìjọba, tó jẹ́ 50 Hz, ìlà dúdú-dúdú á sì yọ lára fọ́tò. Ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń ṣiṣẹ́, 50 Hz rẹ̀ lè má dúró lójú kan, nítorí náà ẹ wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kúrò níbẹ̀.

Ilé ìwé ni ẹ wà, nítorí náà mo ní láti sọ èyí. Fọ́tò 360 ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó yọ sílẹ̀. Pátákó ìkéde tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọmọ àti máàkì wọn mọ́ wà níbẹ̀, ìwé orúkọ tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì olùkọ́ wà níbẹ̀. Ẹ ká wọn kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wà nínú gbọ̀ngàn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 wà fún irú èyí, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ ti délé, fọ́tò wà lọ́wọ́. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ara yín bíi fọ́tò lásán, torí á fún un pọ̀, á sì gé gbogbo àlàyé tó fara pamọ́ sínú fáìlì náà dànù. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn áàpù tí ẹ fi ń tún àwọ̀ ṣe náà lè pa àlàyé yẹn rẹ́, ohun tó sì máa ń fi hàn ni pé fọ́tò tó ń yí tẹ́lẹ̀ á di pẹlẹbẹ. Nítorí náà, ẹ tún àwọ̀ ṣe tán kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì sínú rẹ̀. ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ àlàyé sínú fáìlì fọ́tò, ni mo fi ń kọ ọ́; ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ti F07 á rí báyìí:

exiftool -GPSLatitude=7.380078 -GPSLatitudeRef=N -GPSLongitude=3.930045 -GPSLongitudeRef=E -XMP-GPano:PoseHeadingDegrees=30 F07.jpg

Ní ti bí wọ́n ṣe máa dé orí máàpù, áàpù Street View ti Google, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé fọ́tò 360 sórí máàpù, ti kógbá sílé ní oṣù kẹta 2023. Street View Studio tó wà báyìí, fídíò 360 ló wà fún, ó sì ń béèrè ọ̀nà GPS tí fídíò náà gbà, èyí tí ẹ ò ní nínú ilé. Ẹ lè gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan sí orí ilé ìwé náà láti inú Google Maps, ṣùgbọ́n kí ọfà tó lè so wọ́n pọ̀, ẹ nílò ètò ẹlòmíì tó ń lo Street View Publish API, ìyẹn ọ̀nà tí Google ṣí sílẹ̀ fún ètò àwọn ẹlòmíì láti gbé fọ́tò sórí máàpù. Ibẹ̀ ni àyè ti wà fún ipele ilé àti fún ìsopọ̀ fọ́tò kan mọ́ èkejì. Bẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ fi fọ́tò gbọ̀ngàn méjì tàbí mẹ́ta sórí máàpù, kí ẹ wá fi Pannellum tàbí Marzipano, àwọn ètò tó ń fi fọ́tò 360 hàn lórí wẹ́ẹ̀bù, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe ìrìn àjò odindi ilé náà sórí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé. Níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ọfà síbi tó yẹ kó wà, kò sì ní béèrè GPS lọ́wọ́ yín rárá. Òbí tó wà ní Houston kò bìkítà nípa latitude. Ó fẹ́ rí ibi tí ọmọ rẹ̀ máa jókòó sí.

Ẹlòmíì lè sọ fún yín nípa àwọn ẹ̀rọ tó ń fi laser wọn ògiri bí wọ́n ṣe ń lọ. Òótọ́ ni, wọ́n wà. Ní 2014 ni Google fi báàgì ẹ̀yìn Cartographer hàn, tó ń fi laser ya pláànù ilé bí ẹni tó gbé e ṣe ń rìn, wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2016. Kámẹ́rà Matterport Pro3 náà ń fi laser ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá di ti ilé ìwòsàn ńlá àti ilé ìtajà ńlá, ó lè pa owó ara rẹ̀ wọlé. Fún gbọ̀ngàn kan àti ilé ìkàwé kan, téèpù tó.

Ẹ má sì tíì ju àwọn fọ́tò tí ẹ ti yà nù. Ẹ pa wọ́n rẹ́ lórí máàpù, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú fáìlì wọn. Bí táìlì bá wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ẹ padà lọ wọn ẹyọ kan: bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ ṣí fọ́tò kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka iye táìlì tó wà láti ògiri ẹnu ọ̀nà dé ìdí tripod, àti láti ògiri ẹ̀gbẹ́ dé ìdí rẹ̀. Táìlì 14 jẹ́ mítà 8.4. Ní ti ibi tó kọjú sí, ẹ wo ibi tí àárín pèpéle bọ́ sí nínú fọ́tò tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ. Odindi fífẹ̀ fọ́tò jẹ́ dígíríì 360. Bí pèpéle bá wà ní ìdá mẹ́rin fọ́tò sí ọ̀tún àárín, kámẹ́rà ti fi dígíríì 90 yà sósì kúrò lọ́dọ̀ pèpéle, ẹ sì máa yọ 90 kúrò nínú 30. Ó di òdì 60. Ẹ fi 360 kún un, 300 lẹ máa kọ. Àwọn tí ẹ yà níbi tí kò sí táìlì, tàbí níbi tí pẹpẹ ìwé bo ilẹ̀, ni kí ẹ tún yà.